Obìnrin Irin Tó Ń Kúnlẹ̀ ní Koko

Ẹ̀yin ará agboolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin tí ẹ dáwó ọkọ̀ jọ fún mi, ẹ jẹ́ kí n wí tẹnu mi kí n tó gbàgbé. Láti ìgbà tí mo ti ti Bouaké ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire dé ni ẹ ti ń wò mí bí ẹni tí a rán lọ fa ewúrẹ́ wálé tó jẹ́ pé okùn nìkan ló mú bọ̀. "Làsísì, ẹ̀gbọ́n rẹ dà?" Ọdún ti gorí ọdún, Ìyá wa tí wọ́n rán mi gan-an ti lọ, ìbéèrè ò sì tíì rẹ̀ yín. Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ wọn, ẹnì kan sọ ọ́ sí mi létí pé èmi ni mo jẹ́ kí ìyá kú láìfojú kan àkọ́bí wọn. Mo ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ sí i fún mi.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ má retí ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ohun tí ojú mi rí ni n ó kọ, títí kan ibi tí ẹ̀rù ti bà mí, tí kì í sì í ṣe ibì kan ṣoṣo.

Ẹnubodè

Ẹ kúkú mọ̀ pé n ò rìn kọjá Ìbàdàn rí. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ fi ń sáré gba ilẹ̀ olómìnira tí n ò mọ orúkọ ọ̀gá wọn, ẹni tó jókòó tì mí ń hanrun. Èmi ò jẹ́ sùn. Ó ń ṣe mí bíi pé bí mo bá dijú, awakọ̀ á gbàgbé ọ̀nà.

Nígbà tí a dé ẹnubodè Côte d'Ivoire, wọ́n ní kí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀ kí á tò. Ṣọ́jà kan ló ń gba ìwé, ọmọkùnrin tó ga, tí kò ju àkọ́bí mi lọ, àmọ́ ìbọn tó gbé kọ́ èjìká ti sọ ọ́ di àgbà. Bí ó ṣe kàn mí, ẹ̀rù bà mí. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ọ̀dà gbígbóná: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà!"

Ṣọ́jà fò sẹ́yìn. Ó rò pé wárápá ló gbé mi ṣánlẹ̀. Ó pariwo, obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá sáré dé, ó sì tú odidi ọ̀rá kan lé mi lórí. Mo gbórí sókè, omi ń kán lágbọ̀n mi, mo tún kí i. Ni ẹnì kan bá kígbe láàárín èrò pé, "Anago! Anago ni!" Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ṣọ́jà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú, ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé mi, ó ní kí n máa lọ. Ọkùnrin tó tẹ̀ lé mi, tó dúró ṣanṣan bí akọni, wọ́n tú ẹrù rẹ̀ dé orí páńtì.

Koko

Àsìkò ìrun Alásárì ni mo wọ Bouaké. Iṣu ni mo kọ́kọ́ rí, òkìtì iṣu bí ilé, lẹ́yìn náà àwọn obìnrin tí wọ́n ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí òórùn epo rẹ̀ sì ń sọ fún ikùn mi pé ká dúró díẹ̀. Mo na ìwé tí wọ́n kọ "Koko", orúkọ àdúgbò ẹ̀gbọ́n mi, sí fún bàbá kan, ọmọ ẹ̀yà Dioula, tó jókòó síwájú mọ́ṣáláṣí. Kò wo ìwé náà. Ó gba àpò mi lọ́wọ́ mi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè ní èdè rẹ̀. Mo fura pé ó ń bèèrè ìyá mi, ó bèèrè ìyàwó, ó bèèrè àwọn ọmọ, ó bèèrè ilé, bóyá ó tiẹ̀ bèèrè adìyẹ. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi "Àlùhámúdù líláì" dáhùn. Ó yọ̀ gan-an. Ìgbà tó bèèrè tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú mi lọ. Ní ìlú yẹn, wọn kì í bi ọ́ níbi tí ò ń lọ kí wọ́n tó bi ọ́ nípa ẹni tí o fi sílẹ̀.

Bí mo ṣe rí ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀ nìyẹn. Ẹ rántí pé eyín wàrà mi ò tíì ká nígbà tí wọ́n mú un lọ sí Gánà. Lọ́dún tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà, tí àwọn ẹlòmíràn ń fẹsẹ̀ fẹ́ẹ wálé, Bouaké ni òun kọrí sí. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe, ó sì fi iṣẹ́ náà jẹun títí ilẹ̀ fi le, tí owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná já wálẹ̀, tí iléeṣẹ́ dá púpọ̀ nínú òṣìṣẹ́ dúró. Mo dọ̀bálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò da omi lé mi lórí.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mẹ́múnà, ọmọ Ìrẹsà, kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi kékeré. Bí irun yín ṣe funfun tó yìí, ṣé èmi ni n ó máa pè yín ní kékeré?" Ó gbé àtíẹkẹ́ àti ẹja díndín síwájú mi. Gbágùúdá ni àtíẹkẹ́, wọ́n fi ooru sè é, ó rí bíi gàrí tó gba ìmọ̀ràn tí kò fẹ́ di ẹ̀bà. Mo ní kí n kọ́kọ́ fọwọ́.

Ìkòkò omi wà lábẹ́ igi dógóyarò lẹ́yìnkùlé. Mo rí obìnrin kan tó dúró síbẹ̀ nínú òjìji, ó ró ìró, ó wé gèlè. Mo tẹ pákó kan mọ́lẹ̀, mo gbọ́ "kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀" bíi ṣéènì kẹ̀kẹ́. Obìnrin náà fọwọ́ lé ìbàdí. Ó fi orúnkún òsì lélẹ̀, ó fi ọ̀tún tẹ̀ lé e, ó wá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń dẹtí sí ọ̀rọ̀.

Èmi tí wọ́n kọ́ nílé, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ilé, ẹ dìde, ẹ ṣeun."

Kò dìde. Mo wo ojú rẹ̀. Kò ní ojú. Abọ́ irin ni. Ìkúnlẹ̀ yẹn sì nìyí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ọwọ́ sí ìbàdí, òsì, ọ̀tún, kí wọ́n tó tẹ orí. Kò sí ẹlòmíràn nínú agboolé wa tó ń kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá wa ni.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ìtàn àkúdàáyà, ẹni tó kú sílé tí wọ́n tún rí ní ìlú òkèèrè, tó ń tajà. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn nìyẹn: Ìyá ti kú lẹ́yìn mi, wọ́n sì ti ṣáájú mi dé Bouaké. Mo ré ìkòkò omi kọjá, mo gbá a fọ́, mo já wọ ilé. "Ìyá wa ti kú o! Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé!"

Ife bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì bi mí pé báwo ni Ìyá. Ogbó ló dé sí ojú rẹ̀ níṣojú mi, lójú ẹsẹ̀ kan náà. Ìyá Mẹ́múnà ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi tó tutù, ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ gbá ògiri. "Ó ti tẹ pákó! Bàbá Mẹ́múnà, ó ti pàdé ìyàwó mi!"

Nígbà tí mo búra tán pé Ìyá wà láyè, pé wọ́n tiẹ̀ ṣépè fún ewúrẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò nílé, ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé o gbé e dìde?"

"Gbé ta ni dìde?"

"Wọ́n kúnlẹ̀ kí ọ, o wá sá. Padà lọ. O ò ní fọwọ́ kan oúnjẹ nínú ilé yìí bí o ò bá gbé e dìde."

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe fi irin ṣe ẹ̀rọ náà nìyẹn. Bí o bá tẹ pákó, á kúnlẹ̀. Bí o bá kúrò lórí pákó, kò ní dìde, àfi kí o fọwọ́ kàn án ní èjìká, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún èèyàn. Mo na ìka kan ṣoṣo, mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ka Kúlúwàlláhù. Irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ nítorí oòrùn. Ó dìde. Mo lọ jẹ àtíẹkẹ́.

Ìyálé àti ìyàwó

"Èmi ni ìyálé ẹ̀," ni Ìyá Mẹ́múnà wí fún mi. "Kò jẹun, kò bímọ, kò bá mi jà. Àmọ́ láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́, òun lọkọ mi ń fi òróró pa lára láràárọ̀. Èmi ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n fi òróró pa èmi lára gbẹ̀yìn?"

Ẹ̀gbọ́n mi ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Inú irin àlòkù ló ti ṣa gbogbo ara obìnrin náà, ọ̀pá ẹ̀rọ ìhunṣọ, ṣéènì kẹ̀kẹ́, òkúta méjì tó so mọ́ okùn láti fi gbé e. Kuásì, ọmọ Baoulé, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ló bá a jó irin pọ̀. Kuásì gbọ́ Yorùbá. Níbi iṣẹ́ ló ti kọ́ ọ, nítorí náà èébú ló mọ̀ jù.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó lábẹ́ dógóyarò, tí mo ń wo àwọn tó wá tẹ pákó. Mo ti rí èèyàn níwájú ọba, mo ti rí èèyàn níwájú adájọ́, n ò rí ohun tó ń tú àṣírí ọmọ aráyé bí irin yẹn. Alápatà kan, ọkùnrin fàkìàfakia, rẹ́rìn-ín nígbà tí irin náà kúnlẹ̀, ó wò yíká bóyá ẹnì kan ń wo òun, ó wá rọra gbé e dìde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ẹyin. Ìyàwó ilé kan kọ́kọ́ bú u, ó ní ta ló rán an kó kúnlẹ̀ fún òun, ṣé òun náà kì í kúnlẹ̀ fún ẹlòmíràn ni? Omi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn kan sì wà tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́, irin á kúnlẹ̀, wọ́n á wò ó, wọ́n á lọ. Ẹ̀gbọ́n mi á jáde látinú yàrá, á gbé e dìde, á sì fi àkísà nu orúnkún rẹ̀.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ "ivoirité" gba ìgboro kan náà nìyẹn, ìyẹn pé ta ni ọmọ ilẹ̀ náà gan-an, ta ni àlejò. Rédíò ń sọ ọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ ọ́. Mo tẹ̀ lé Ìyá Mẹ́múnà lọ sọ́jà níbi tó ti ń ta awo ìjẹun, obìnrin tó ti ń ra awo lọ́wọ́ rẹ̀ látayébáyé ń ná ọjà bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Anago, nígbà tí ẹ bá lọ sílé yín, ta ni yóò máa tà mí láwo?" Kò fi ìkà sọ ọ́. Ohun tó dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn.

Mo jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ìyá ní kí n mú yín wálé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú kàn yín."

Ó ń fi àkísà nu ṣéènì. "Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ní pápá iléèwé kan. Kuásì ti kọ orúkọ ìyá yìí sílẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tèmi lára rẹ̀, mo ti di ará ibí nìyẹn, n ó dúró. Bí wọ́n bá kọ̀ mí, n ó bá ọ lọ, n ò sì ní bojú wẹ̀yìn."

"Ọ̀rọ̀ tán?"

"Ọ̀rọ̀ tán."

Ẹ gbọ́ ìwà mi. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ń bọ́ sí sáàfù iwájú ní mọ́ṣáláṣí, mo ń forí kanlẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n kọ ẹ̀gbọ́n mi.

Pápá iléèwé

Ọmọlanke ni a fi gbé e. Kuásì ń tì í, ẹ̀gbọ́n mi di èjìká obìnrin náà mú bí ẹni mú ìyàwó tuntun lọ sílé ọkọ, Ìyá Mẹ́múnà gbé gèlè dání kí eruku má bà á jẹ́. "Wọn ò gbé èmi báyìí nígbà tí mò ń wọlé ọkọ," ló ń wí.

Àwọn ahunṣọ Baoulé ti wà níbẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn tó ń hun agbọ̀n. Kuásì fi ẹfun kọ ọ́ sára pákó kékeré kan tó gbé tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́: "Buraima, Koko." Èrò tò. Nígbà tó yá, ọ̀gá kan dé pẹ̀lú kóòtù àti ìwé lọ́wọ́, òun ló ń wo iṣẹ́ tí wọn yóò gbà. Ó gun orí pákó.

Ọwọ́ sí ìbàdí. Òsì. Ọ̀tún. Orí.

Ọ̀gá náà yọ awò ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó ń lọ sí èjìká obìnrin náà, mo rí i, gbogbo èrò rí i. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sára pákó tí Kuásì kọ nǹkan sí. Faransé ni wọ́n ń sọ, Ìyá Mẹ́múnà ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí.

"Buraima yìí, ọmọ ibo ni?"

"Ọmọ Koko ni, mùsíyé," ni Kuásì wí.

"Mo ní ọmọ ibo ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló dá a lóhùn. "Anago ni mí."

Ọwọ́ ọ̀gá padà, ó ki í bọ àpò. Kò bínú, ohùn rẹ̀ tiẹ̀ tutù. Ó ní iṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ ni àwọn pè. Ó ní àmọ́ iṣẹ́ náà dára, bí Kuásì bá fi orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tán.

Kuásì wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí pé kó gbà. Kuásì wá da ẹnu bo Yorùbá, bóyá kí ọ̀gá má bàa gbọ́ èébú tó kọ́kọ́ jáde, kó tó padà sí Faransé: "Mùsíyé, ìyá tèmi kì í kúnlẹ̀ kí èèyàn. N ò rí i rí. Bí mo bá ní èmi ni mo ṣe èyí, ìyá mi á bi mí pé ìyá ta ni."

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó kọjá sọ́dọ̀ àwọn alágbọ̀n. Ó fi obìnrin náà sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Àdúà mi gbà, ẹ ò rí nǹkan. Ó yẹ kí n fò sókè. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, apá rẹ̀ méjèèjì rọ wálẹ̀ bí ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò mọ́. Kò sẹ́ni tó mira. Ta ló fẹ́ ṣe ohun tí ọ̀gá ò ṣe? Ìyá wa wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú eruku, níwájú gbogbo ará Bouaké, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde. N ò mọ ìgbà tí mo débẹ̀. Ẹsẹ̀ tí mo fi sá ní ọjọ́ kìíní náà ni mo fi rìn ín. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú ní èjìká. Mo ní, "Ẹ dìde, Ìyá. Ó tó."

Ó dìde. Eruku pọ̀ ní pápá yẹn, òun ló wọ̀ mí lójú.

Àpótí

Ẹ̀gbọ́n mi kì í yẹ ọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti gbé àpótí jáde, ó ń ká aṣọ.

Àwọn obìnrin oníṣu láti Mamini, abúlé kan nítòsí, wọ agbo ilé. Wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n lé obìnrin irin kan kúrò ní pápá, wọ́n ní àwọn ò lè lọ sílé láìrí i. Ọ̀kan nínú wọn, arúgbó, gun orí pákó. Nígbà tí obìnrin irin kúnlẹ̀ fún un, arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ ní Baoulé, ọ̀rọ̀ gígùn. Mo bi Kuásì pé kí ló ń wí.

"Ó ní ta ló rán an wá kí òun. Ó ní ṣé ọmọ òun tó wà ní Abidjan ni. Ó ní kó sọ fún un pé inú òun ò bí mọ́."

Nínú yàrá, ẹ̀gbọ́n mi di ẹ̀wù kan mú. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Bí ṣéènì bá ti dún pé ó kúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lára aṣọ, kò ní mí. Bí ó bá dún pé wọ́n ti gbé e dìde, á mí, á ká apá kan ẹ̀wù. Ọ̀kan tún tẹ̀ ẹ́. Á tún dúró. Láti ìrun Wálúhà títí oòrùn fi kanrí, ẹ̀wù mẹ́ta ló ká.

Mo wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá lọ, ta ni yóò máa dẹtí sí i?"

"Kuásì wà."

"Kuásì mọ irin. Ṣé ó mọ Ìyá ni?"

"Iṣẹ́ Ìyá lo jẹ́. Èmi ni mo sì fẹnu ara mi wí pé n ó lọ."

"Mo dá ọ̀rọ̀ yín padà fún yín." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ aṣọ nínú àpótí lẹ́yọ-lẹ́yọ. Ojú gbogbo yín ló wá sí mi lọ́kàn, àti ìbéèrè yín.

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ibi tí n ò mọ̀ pé ẹnì kankan wà. "Ọkọ mi kékeré, ẹ fi ẹ̀wù búlúù yẹn sọ́tọ̀. Ó dọ̀tí. N ó fọ̀ ọ́."

Iwájú Ìyá

Ọ̀sán ni mo padà wọ ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá wà lórí ẹní, ẹsẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ. Ẹ rántí bí orúnkún wọn ṣe rí nígbà yẹn, orí ìjókòó ni wọ́n ti ń kírun.

"Ó dà?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, àfi ti àkúdàáyà. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní, "Báwo lo ní mo máa ń kúnlẹ̀?"

Èmi ọkùnrin, tí mo ti ní ọmọ-ọmọ, mo dìde, mo fọwọ́ lé ìbàdí. Òsì. Ọ̀tún. Mo tẹ orí. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Nígbà tí ikọ́ rọlẹ̀, wọ́n ń wo orúnkún mi tó wà nílẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Bùráímọ̀ wò mí dáadáa lórí ìkúnlẹ̀," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ tí ọkọ̀ Gánà gbé e. Mo kúnlẹ̀ fún awakọ̀, mo ní kó bá mi wo ọmọ mi. Awakọ̀ yẹn gbé ojú sá, ó lọ ń so ẹrù. Kò ní kí n dìde. Bùráímọ̀ ló bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tó wá dì mí mú léjìká."

Adìyẹ kan wọlé, wọ́n lé e.

"Má ṣe dà á láàmú mọ́," ni wọ́n wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Títí wọ́n fi kú, wọn ò tún rán mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń bèèrè.